Bùọ̀dá Pupa Lọ sí Ọ́fíìsì Ìpààrọ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bà á jẹ́. Oyèbọ̀dé awọnlẹ̀, aládùúgbò mi tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Òṣogbo níbí, lá àlá kan lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, lórí àga oníke ní fàràńdà rẹ̀, ẹ̀bà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ nínú tán. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n Oyèbọ̀dé kò mọ ìtàn sọ. Bó bá ń ròyìn nǹkan, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ó ń wọn ilẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta síhìn-ín, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sọ́hùn-ún. Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bí mo bá fi nǹkan kún un, ẹ ó mọ̀, ibẹ̀ ni yóò dùn jù.

Kí a tó wọ inú àlá, ẹ ní láti mọ alùpùpù náà. Kì í ṣe irú ọ̀kadà tó ń gbé yín re ọjà. Páwà báìkì ni, pupa fòò, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ga, iwájú rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Bí Oyèbọ̀dé bá ṣáná sí i, ohùn rẹ̀ a kọ́kọ́ wúwo, a sì wá mi ilẹ̀ rìrìrì, gbogbo fèrèsé ilé mi a máa gbọ̀n. Èmi tí mo jókòó sílé láìbínú sí ẹnikẹ́ni, màá kàn rí i pé mo ti dìde dúró. Mo ti rí alùpùpù púpọ̀ láyé mi. Mi ò tíì rí èyí tó mọ̀ pé òun lẹ́wà bíi ti Pupa.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Oyèbọ̀dé ti rà á. Ọdún keje rèé tó gbé Ṣijúadé níyàwó. Ẹ bá mi ṣírò ó: alùpùpù ló kọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀yin náà sì mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń rákòrò. Kò ní pè é lórúkọ, kò ní wí fún un pé “ìwọ”. Ṣijúadé ọmọ Ìlá ni, wọ́n kọ́ ọ yanjú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, ó jáde sí fàràńdà, ó bá alùpùpù níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o, Bùọ̀dá Pupa.” A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. A rò pé ẹ̀fẹ̀ ọjọ́ kan ni. Ó ti di ọdún keje, kò tíì dáwọ́ dúró. Bó bá fẹ́ kọjá, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bùọ̀dá, ẹ sún fún mi díẹ̀.” Bí òjò bá ṣú, á pariwo pé, “Bàbá Ìtùnú, ẹ wá gbé Bùọ̀dá wọlé o, òtútù ò gbọdọ̀ mú wọn!” Kò sì gùn ún rí láti ọjọ́ tó ti délé náà. Ó ní ta ni òun, tí òun á fi gun ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n ọkọ òun bí ẹṣin.

Ó ku nǹkan kan. Lórí táńkì Pupa, lápá ọ̀tún, ìlà kan wà tó gùn tó ìka ọwọ́. Òrùka ìyá Oyèbọ̀dé ló fà á. Ọjọ́ tí màmá pé àádọ́rin ọdún, wọ́n fẹ́ lọ dúpẹ́ ní ìlú màmá, ní Ìkìrun, màmá sì fàáké kọ́rí pé òun kò wọ mọ́tò, Pupa lòun máa gùn. Arúgbó we gèlè, ó tún dé akoto lé e! Nígbà tí wọ́n dé orí gègélé kan lọ́nà, màmá fò sókè, ó na ọwọ́ kọjá ìbàdí ọmọ rẹ̀, ó gbá táńkì mú, òrùka sì ha á kẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì rèé tí màmá ti fi wá sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, Oyèbọ̀dé kò gun Pupa kọjá géètì mọ́. Ní gbogbo Sátidé, á nù ún, á ṣáná sí i, á gùn ún dé géètì, á sì padà. Ẹ̀rù ń bà á kí òkúta má ta bà á, kí èèyàn má lọ họ ọ́ lára, kí ìlà yẹn má lọ pa rẹ́.

Tìámíyù tó ń ta alùpùpù ló ní kó pààrọ̀ rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “màṣíìnì tí kò bá rìn, ńṣe ló ń kú lórí ìdúró. Tuntun irú ẹ̀ ti dé. Ẹ fún mi ní Pupa, ẹ fi díẹ̀ lé e, ẹ máa gun tuntun lọ.” A jọ lọ wò ó ní Ọjọ́bọ̀. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó rẹwà. Búlúù ni, bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Kò ní kọ́kọ́rọ́. Èèyàn á kàn fi àtàǹpàkò kàn án ni. Oyèbọ̀dé yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Tìámíyù ti sọ ọ́ ní gbangba pé bí Pupa bá ti dé ọwọ́ òun, òun á ha gbogbo ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò, òun á fọ́n tuntun sí i. Ó fún Oyèbọ̀dé ní ìwé àdéhùn pé kó buwọ́ lù ú, pé aago mẹ́rin Sátidé lòun máa gbé Búlúù wá. Ìwé náà ló wà lórí itan Oyèbọ̀dé lọ́sàn-án Sátidé, bíìrò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì buwọ́ lù ú, nígbà tí oorun gbé e lọ.

Ó wá kan àlá náà wàyí. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ lójú àlá ni pé Pupa wúkọ́.

“Oyè,” ó ní, “dìde. Wọ́n ń pè wá ní Ọ́fíìsì Ìpààrọ̀.”

Oyèbọ̀dé kò bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ. Ohun tó bi í ni pé, “Ṣé kí n wọ bàtà?”

“Wọ sálúbàtà. Òkè ni.”

Ó rí ẹsẹ̀ sálúbàtà kan, kò rí ìkejì. Ó wọ ọ̀kan náà bẹ́ẹ̀, ó jókòó, Pupa sì gbéra. Wọn kò gba géètì kọjá rárá, wọ́n gba orí igi máńgòrò mi. Táyà Pupa di atẹ́gùn mú ṣinṣin, ó ń gùn ún lọ bí ẹni tó ń gun òkè, Oyèbọ̀dé sì ń wọn ọ̀nà lọ bíi ti iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ bàtà igba ó lé mẹ́rin ni láti orí máńgòrò dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Mo bi í pé kí ló fi wọ̀n ọ́n. Ó ní ojú ni.

Ọ́fíìsì náà fò lókè oríta, ilé alájà méjì, páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ pé MÁ ṢE TỌ̀ SÍBÍ, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ilẹ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀ tí èèyàn lè dúró lé kó tó tọ̀ sí i. Okùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi dè é mọ́ òpó iná nísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sí Ọ̀fà. Wọ́n ní ó ti lọ rí, ó sì pẹ́ kó tó padà, nítorí wọ́n gbà á lálejò dáadáa lọ́hùn-ún.

Àwọn èèyàn ti tò lọ rẹrẹ. Bàbá kan gbé ẹsẹ̀ òsì ara rẹ̀ dání, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un kó má baà jẹ́ ìtìjú. Obìnrin kan mú ìkòkò ọbẹ̀ tó ń sunkún wá, ó ń pa á lẹ́kún pé, “Dákẹ́, dákẹ́, ìdérí rẹ nìkan ni màá pààrọ̀.” Ẹni tó kẹ́yìn ni fíríìjì funfun kan tó dá dúró, tó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

Oyèbọ̀dé mọ ìwà. Ó ní, “Ẹ kú ìdúró o. Ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn?”

“Èmi ni,” fíríìjì dáhùn.

“Ẹni tó ni yín ńkọ́?”

“Òun ni mo wá pààrọ̀. Ó ti gbó. Kì í pa ilẹ̀kùn mi dé dáadáa mọ́, omi nìkan ló sì máa ń kó sí mi nínú.”

“Háà, ẹ kú ìrọ́jú,” Oyèbọ̀dé ní, ó sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kan wọ́n. Fíríìjì wọlé, ó jáde pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n ní kí Oyèbọ̀dé àti Pupa wọlé.

Ọ̀gá tó jókòó sídìí tábìlì wọ kóòtù, ó de táì, òòtẹ̀ ńlá kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. “Orúkọ?” ó ní.

“Oyèbọ̀dé. Awọnlẹ̀ ni mí, sà.”

“Kì í ṣe ìwọ. Ẹni tó gbé ọ wá ni mo ń bá sọ̀rọ̀.”

“Pupa,” ni Pupa dáhùn. “Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé máa ń fi Bùọ̀dá kún un.”

Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀. Bó ṣe ń kọ ọ́ ni irùngbọ̀n yọ lágbọ̀n rẹ̀, irùngbọ̀n tínínrín kan báyìí. Nígbà tó máa fi ṣí fáìlì, ìwo kékeré méjì ti yọ jáde. Oyèbọ̀dé bi akọ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ dákun, ṣé ẹ rí i pé ọ̀gá ń di ewúrẹ́?”

“Aago mẹ́ta ti lù ni,” akọ̀wé ní. “Gbogbo wọn ló máa ń di ewúrẹ́ bó bá ti di aago mẹ́ta. Iṣẹ́ ò ní dúró, ẹ má mikàn.”

Oyèbọ̀dé ní ó dáa. Ọ̀gá ti di ewúrẹ́ tán lóòótọ́, ewúrẹ́ dúdú tó de táì. Ó fa fáìlì Pupa sún mọ́ra, ó gé etí rẹ̀ jẹ, ó ń rún un mẹ́rẹ́nmẹ́rẹ́n. Oyèbọ̀dé fẹ́ sọ̀rọ̀, akọ̀wé fi ìka léètè. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á tán,” ó ní.

Ọ̀gá kà á dé ojú ewé kẹta, ó gbé e mì, ó gbórí sókè. “Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbí. Ta ló bá nílé?”

“Kò yé mi, sà.”

“Pupa yìí. Lọ́jọ́ tó wọ ilé yín, ta ló bá níbẹ̀?”

“Ó bá mi, sà. Ó bá màmá mi. Ó bá kànga.”

“Ta ló wá bá a?”

“Ṣijúadé, ìyàwó mi.”

“Ó dáa. Ẹ mú tuntun wọlé, ká bi òun náà.”

Ilẹ̀kùn kejì ṣí, Búlúù sì wọlé láìsí ẹni tó tì í. Oyèbọ̀dé ní ara ògiri ọ́fíìsì tàn yòò. Gbogbo àwọn tó ń rojọ́ dákẹ́. Ìkòkò ọbẹ̀ tó ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn pàápàá dákẹ́. Búlúù dé iwájú Pupa, ó ká díńgí rẹ̀ méjèèjì mọ́ra, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, táńkì kan ilẹ̀. “Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n,” ó ní. “Òkìkí yín ni wọ́n fi ń kọ́ wa nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe wá.”

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn Oyèbọ̀dé nìyí: kò jowú fún Pupa. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, “Ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́ o!” Pupa fúnra rẹ̀ tan iná iwájú lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Dìde, ọmọ dáadáa. Ìwọ á yára jù mí lọ.”

Ọ̀gá ewúrẹ́ yí tábìlì ká, pátákò rẹ̀ ń dún kó kó kó. Ó dé ẹ̀gbẹ́ Pupa, ó dúró lápá ọ̀tún, ó tẹ imú mọ́ ìlà orí táńkì. “Ọ̀nà wo nìyí?” ó béèrè.

“Ìlà ni, sà. Òrùka màmá mi ló—”

“Mo ní ọ̀nà wo nìyí? Òyìnbó ti da ọ̀dà sí i, mo rí gègélé lórí ẹ̀.”

Oyèbọ̀dé tẹjú mọ́ ọn. Lóòótọ́ ni, ọ̀nà ni. “Ọ̀nà Ìkìrun ni, sà,” ó ní.

“Ẹ lọ wò ó, kí ẹ padà wá jíṣẹ́.”

Bí Pupa ṣe wọ inú ìlà ara rẹ̀ nìyẹn, tòun ti Oyèbọ̀dé lórí. Ẹ má bi mí bó ṣe ṣeé ṣe. Èmi náà bi í, ó ní kò le rárá, pé èèyàn á kàn tẹrí ba díẹ̀ ni.

Nínú ìlà náà, ojúmọmọ ni, oòrùn ń ràn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá láti orí àwọn àpáta Ìkìrun. Ìwúwo kan sì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Oyèbọ̀dé kò yíjú padà. Kò nílò rẹ̀. Ó mọ òórùn àdí àti páúdà tó kún afẹ́fẹ́ yẹn.

“Rọra o, Oyè!” màmá pariwo. “Rọra, mo ní ẹsẹ̀ tó ń dùn mí!” Nígbà tí wọ́n kọjá afárá, ó tún ní, “Kí ló wá dé tí o ń fà bí ẹni tó ru ẹyin? Sáré díẹ̀ sí i jàre!”

Pupa sáré. Ẹ ò rí i bí Oyèbọ̀dé ṣe ń sọ ibí yìí! Ẹni tí kì í pariwo, ó dìde dúró níwájú mi, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó di alùpùpù mú. Ó ní gèlè màmá tú kúrò lábẹ́ akoto, ó nà lọ sẹ́yìn wọn láti Ìkìrun padà dé Òṣogbo, àwọn èèyàn sì ti ń sá àgbàdo sórí rẹ̀. Ó ní àwọn igi kòkó ń kí Pupa bó ṣe ń kọjá, “Akọni, akọni,” Pupa ò sì dáhùn, iṣẹ́ ló ń ṣe. Wọ́n dé orí gègélé. Màmá fò sókè, ó na ọwọ́, òrùka ha táńkì kẹ̀rẹ̀.

“Yéè, mo ti họ ọmọ mi lára!” màmá ní. “Oyè, ṣé òótọ́ ni pé o ń nu ojú ibí yìí ní gbogbo Sátidé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Lẹ́yìn tí o bá nù ún tán, níbo lo máa ń gùn ún lọ?”

“Géètì.”

“Géètì wo?”

“Géètì wa, Màmá.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí akoto fi ń mì lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan èjìká ọmọ rẹ̀, ó ní kó sọ òun kalẹ̀ níbẹ̀, pé òun ti délé. Ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbọn aṣọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá Pupa níwájú pẹ́pẹ́. “O ṣeun, Pupa. O gbé mi dáadáa.” Ó wá wo Oyèbọ̀dé. “Mo ti sọ̀ kalẹ̀, Oyè. Ó ti tó ọdún méjì. Ìjókòó ẹ̀yìn ti ṣófo, o ò sì gbé ẹlòmíràn. Ta lo ń dúró dè?”

Ó ń lọ, kò wẹ̀yìn. Oyèbọ̀dé sunkún. Ó sọ fún mi láìtijú pé òun sunkún, omijé náà sì ń bọ́ sínú táńkì tó, tó, tó. Pupa dúró dè é títí, ó ní, “Ó ti tó, Oyè. Eléyìí á gbé wa dé ọ́fíìsì.”

Nígbà tí wọ́n fi padà dé, ọ̀gá ewúrẹ́ ti ka fáìlì tán, ó ti ń ka kàlẹ́ńdà ara ògiri. “Ó ku ẹ̀rí kan,” ó ní. “Ẹni tó bá alùpùpù nílé ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.” Kó tó pa ẹnu dé, Ṣijúadé gba ojú fèrèsé wọlé, ó jókòó sínú ọpọ́n ìfọṣọ tó léfòó, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí Pupa, ó kúnlẹ̀ sínú ọpọ́n náà. “Ẹ kú ìrìn o, Bùọ̀dá,” ó ní. “Oúnjẹ ti délẹ̀ nílé.”

Ọ̀gá fi ìwo tọ́ka sí Búlúù. “Ìyàwó, gbọ́ mi dáadáa. Bí Pupa bá lọ, ìwọ lo máa ṣàgbà nínú ilé yẹn. Ọmọ yìí ló máa bá ọ nílé. Òun ló máa kí ọ, òun ló máa sún fún ọ. Ṣé o fẹ́ ẹ?”

Ṣijúadé wo Búlúù láti òkè délẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. “Kí n má purọ́, ó wù mí,” ó ní. “Wọ́n bí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi ilé hàn án? Ta ló máa sọ fún un ibi tí òjò ti máa ń wọlé, àti bí wọ́n ṣe gbé màmá dé Ìkìrun? Èmi ò sí lórí ẹ̀, mo ti gbé jọ̀lọ́ọ̀fù lọ ṣáájú.” Ó kọjú sí Pupa. “Bùọ̀dá, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Kí lẹ fẹ́?”

Ẹnikẹ́ni ò tíì bi Pupa bẹ́ẹ̀ rí. Ó pa ẹ́ńjìnnì kó lè ronú.

“Bí wọ́n bá pààrọ̀ mi, wọ́n pààrọ̀ mi,” ó ní. “Bí wọ́n bá tún mi kùn, mo gbà. Ọ̀nà ni mo fẹ́, ìyàwó wa. Ọdún méjì ni mo ti ń lọ sí géètì. Géètì yẹn ti sú mi. Mo mọ gbogbo ojú ìpẹtà ara ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ti ń kí ara wa.”

Oyèbọ̀dé ní ìtìjú mú òun dé ẹ̀yìn etí. Òun tó rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀! Ọ̀gá ewúrẹ́ ti ìwé àdéhùn sí iwájú rẹ̀. “Aago mẹ́rin ti ń lọ lù,” ó ní. “Buwọ́ lù ú, tàbí kí o má buwọ́ lù ú.” Oyèbọ̀dé gbé bíìrò sókè. Ìgbà yẹn ni ilé mì gìrì. Akọ̀wé yọjú lójú fèrèsé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù, pé ọ̀gá ti ka okùn náà ni, pé ọ́fíìsì ti ń lọ sí Ọ̀fà. Gbogbo èèyàn jókòó jẹ́jẹ́, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ ibẹ̀. Oyèbọ̀dé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá ẹsẹ̀ sálúbàtà rẹ̀ kejì lábẹ́ tábìlì, nítorí kò ṣeé gbọ́ sétí kí èèyàn fi ẹsẹ̀ kan wọ̀lú. Ọ̀gá sì ń fa nǹkan lórí itan rẹ̀, ó ń fà á, ó ń fà á.

Ó jí.

Ewúrẹ́ dúdú kan dúró síwájú rẹ̀ ní fàràńdà, ìdajì ìwé àdéhùn wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń rún un mẹ́rẹ́nmẹ́rẹ́n. Ewúrẹ́ tèmi ni. Ẹ má wulẹ̀ máa wò mí bẹ́ẹ̀. Kì í jẹ ìwé, ẹ̀pà nìkan ló máa ń ṣojúkòkòrò sí, mi ò sì mọ ohun tó rí lára ìwé yẹn. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé, Ṣijúadé gbé ọpọ́n aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ dání, ó ń wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Bùọ̀dá, ẹ sún fún mi díẹ̀, mo fẹ́ lọ sá aṣọ.”

Ìgbà náà ni Tìámíyù gun Búlúù wọ inú ọgbà. Ó pa á, ó bọ́ akoto, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, mo dé o. Ìwé dà?”

Oyèbọ̀dé wo ewúrẹ́, ó wo Tìámíyù. “Ewúrẹ́ ń kà á lọ́wọ́,” ó ní.

Etí mi ló gbọ́ ọ, mo wà lẹ́nu ọ̀nà mi, mò ń fi igi pe ewúrẹ́ mi. Tìámíyù rò pé orí rẹ̀ ti yí. Oyèbọ̀dé dìde, ó lọ bá Búlúù, ó fọwọ́ pa á lórí bí ẹni tó ń súre fún ọmọ. “Màṣíìnì dáadáa ni, Tìámíyù. Ẹni tó bá máa gùn ún jáde ni kí o wá fún. Mi ò pààrọ̀ mọ́. Má bínú.” Tìámíyù wo Pupa, ó wò ó pẹ́ títí, ó mi orí. “Inú mi ì bá bàjẹ́ ká ní kò rẹwà,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹ gùn ún o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gùn ún.”

“Ṣijú!” Oyèbọ̀dé pe ìyàwó rẹ̀. “Gbé aṣọ yẹn sílẹ̀. Lọ wọ ṣòkòtò. À ń lọ sí Ìkìrun.”

“Pẹ̀lú mọ́tò ta ni?”

“Pẹ̀lú Bùọ̀dá.”

Ṣijúadé fẹ́rẹ̀ẹ́ da ọpọ́n nù. “Èmi kẹ̀! Kí n lọ jókòó lé Bùọ̀dá lẹ́yìn? Bàbá Ìtùnú, ṣé ara yín yá?”

“Àwọn fúnra wọn ló ní kí o wá. Wọ́n ní géètì ti sú wọn.”

Kò yé e, ṣùgbọ́n ó rí ojú ọkọ rẹ̀, kò sì bi í mọ́. Ó fi Ìtùnú ọmọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó wọ ṣòkòtò, ó dé akoto màmá. Kó tó gùn ún, ó kúnlẹ̀ síwájú Pupa níṣojú gbogbo wa. “Ẹ ṣàánú mi o, Bùọ̀dá, mi ò fojú tín-ínrín yín. Wọ́n ní ẹ ní kí n wá ni.” Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ sókè. Oyèbọ̀dé ṣáná sí i. Fèrèsé ilé mi gbọ̀n, mo tún ti dìde dúró. Wọ́n dé géètì, Pupa kò padà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ títí tó fi kọjá oríta, omi sì bọ́ lójú mi, bẹ́ẹ̀ alùpùpù náà kì í ṣe tèmi.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí wọ́n fi dé, eruku bo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣijúadé kò jẹ́ kí n kí i tó fi ń pariwo pé, “Ìyá àdúgbò, ẹ gbà mí o, mo ti ba Bùọ̀dá jẹ́! A dé orí gègélé kan, ẹ̀rù bà mí, mo gbá táńkì mú, òrùka mi ti họ wọ́n lára!” Mo sún mọ́ ọn. Ìlà tuntun ti wà lápá ọ̀tún, ó jìnnà sí ti màmá níwọ̀n ìka méjì, ó sì gùn jù ú lọ díẹ̀. Mo wo Oyèbọ̀dé, mo ń retí ohun tó máa sọ, nítorí èmi ni mo mọ iye Sátidé tó ti fi ṣọ́ ojú ibẹ̀.

Ó mú aṣọ ìnumọ́ tó fi máa ń nu Pupa láti abẹ́ ìjókòó. Ó nà án sí ojú ìlà méjèèjì, ṣùgbọ́n kò nù wọ́n. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà, ó fi aṣọ náà nu eruku kúrò lójú ìyàwó rẹ̀.